Èènì Òtútù

"Ìyá, ṣé ẹ gbà pé ìmọ́lẹ̀ lè mú nǹkan tutù?"

Ìbéèrè tí wọ́n bi àbúrò mi obìnrin nìyẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ yàrá ìwádìí náà. Àpótí irinṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin tó bi í ní ìbéèrè, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ bóyá kí òun kúkú padà sílé. Kò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi òun ṣe, tàbí wọ́n ń dán òun wò kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́.

Iṣẹ́ òtútù ni àbúrò mi ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn oníbàárà rò pé ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti tì nìyẹn, ṣùgbọ́n àbúrò mi wọ aṣọ iṣẹ́ olóògbé, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó jókòó ti fíríìjì tí ọkùnrin náà kò rí tún ṣe tán. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Olótùútù. Ìmọ̀ rẹ̀ nípa òtútù kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mọ̀, ó dá a lójú. A kì í dá òtútù. Ooru ni a ń kó kúrò. Fíríìjì ń kó ooru láti inú, ó ń dà á sẹ́yìn, ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì yóò mọ̀ pé òótọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ní tirẹ̀, ooru ló ń mú wá. Gílóòbù kékeré inú fíríìjì pàápàá, bí kò bá kú nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn, a máa ba ẹran jẹ́. Ó ti rí irú rẹ̀ rí. Ó ti bá oníbàárà fa ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ rí.

"Rárá o," ni ó dá ọmọbìnrin náà lóhùn. "Mi ò gbà."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ máa wọlé."

Ọ̀gá Kékeré ni gbogbo èèyàn ibẹ̀ ń pe ọmọbìnrin náà, nítorí pé òun ló ń pàṣẹ nínú yàrá náà bí ọ̀gá àgbà kò bá sí níbẹ̀, tí ọ̀gá àgbà kì í sì í sábà sí níbẹ̀. Ó ti kàwé títí, ó kù díẹ̀ kó gba oyè tó ga jù nínú ìwé. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀, Baba Rọra ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé nínú yàrá yẹn tí kò ní sọ fún un pé, "Rọra, rọra."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá náà ṣe rí gẹ́gẹ́ bí àbúrò mi ṣe sọ ọ́ fún mi, nítorí mo bi í léèrè lọ́pọ̀ ìgbà kí n má baà ṣì í kọ. Kò ní fèrèsé. Tábìlì irin kan ló gba ààrin rẹ̀, ó nípọn, ó sì gùn ju ibùsùn lọ. Lórí tábìlì náà ni dígí kéékèèké wà, wọ́n kún orí rẹ̀ bí bọ́tìnnì ṣe ń kún orí tábìlì aránṣọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ẹsẹ̀ irin tirẹ̀ pẹ̀lú ìdè tíntìntín tí wọ́n fi ń yí i. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan ń lọ láti ara dígí kan sí èkejì, ó tín-ín-rín bí òwú. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ìkòkò irin kan wà tó ní ojú gíláàsì, tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Inú ìkòkò yẹn, wọ́n ní, ni ohun tó tutù ju ohunkóhun lọ wà. Àbúrò mi fi ọwọ́ kan ara ìkòkò náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó. Kò tutù rárá.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún kò le. Kí ó máa tọ́jú éésì tó ń mú yàrá náà tutù, kí ó máa fọ ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde lókè àjà, kí afẹ́fẹ́ inú yàrá máa wà bó ṣe wà. Baba Rọra sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ náà: "Kí ó dúró síbi tó wà, Ìyá. Ẹ má yí ohunkóhun padà láìsọ fún wa. Ẹni tó ṣe é kẹ́yìn, a kò jẹ́ kó padà wá." Ó gbọ́ ọ. Ohun tí kò gbọ́ ni ìdí rẹ̀, kò sì béèrè, nítorí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ọ̀gá Kékeré fẹ́ràn rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, wọn a jọ jókòó sórí àpótí, ọmọbìnrin náà á máa ṣàlàyé, àbúrò mi á máa kọ̀.

"Ohun tí ẹ ń pè ní ooru yẹn, mà, eré sísá ni. Átọ́ọ̀mù ń sáré kiri. Bí ẹ bá dá wọn dúró, ó di òtútù."

"Ta ló ń dá wọn dúró?"

"Ìmọ́lẹ̀. Ó ń gbá wọn láyà níbikíbi tí wọ́n bá forí lé."

"Oòrùn ti ń gbá èmi náà láyà láti àárọ̀, kò dá mi dúró. Mo bá a dé ibi iṣẹ́."

"Ẹ̀yin ti tóbi jù, mà."

"Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò tiẹ̀ tijú láti bú àgbà."

Ṣùgbọ́n ti ìmọ́lẹ̀ yìí rọrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá Kékeré sọ fún un pé ohun tí òun ń wá gan-an kò sí nínú ìkòkò. Ó ní nínú gbogbo átọ́ọ̀mù ni kókó kan wà, tó kéré débi pé bí átọ́ọ̀mù bá tó pápá ìṣeré, kókó yẹn kò ju ẹ̀wà kan lọ láàárín pápá. Nínú kókó náà ni àwọn ohun kan ti ń fa ara wọn mọ́ra pẹ̀lú agbára tí ń bani lẹ́rù. Kò sí ojú tó lè wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n kéré jù, wọ́n sì yára jù. Ó ní nítorí náà, àwọn mú átọ́ọ̀mù mìíràn, ti irin kan tó fúyẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ṣe bátìrì fóònù, àwọn mú un tutù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá, àwọn wá fi mágínẹ́ẹ̀tì yí bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn. Bí àwọn bá yí i dé ibì kan, àwọn átọ́ọ̀mù wọ̀nyí á bẹ̀rẹ̀ sí í hùwà bí àwọn ti inú kókó. Wọ́n á sì falẹ̀ tó kí a lè ya àwòrán wọn.

Àbúrò mi ronú sí i. "Àwọn tó wà nínú ìkòkò yìí, wọn kì í ṣe àwọn ti inú kókó."

"Wọn kì í ṣe wọ́n, mà."

"Ẹ wá ń wo ìwọ̀nyí kí ẹ lè mọ ìwà àwọn tọ̀hún."

"Ẹ ti gbọ́ ọ yé."

"Mi ò gbọ́ ọ yé rárá. Bí mo bá jókòó wo ọmọ aládùúgbò mi láti àárọ̀ di alẹ́, ṣé màá fi mọ ohun tí ọmọ tèmi ń ṣe níbi tó wà?"

"Tí ìṣirò kan náà bá ń darí àwọn méjèèjì, ẹ ó mọ̀ ọ́n."

"Ìṣirò kì í darí ọmọ, ọmọ mi."

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà wálé fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Aránṣọ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa wà níbẹ̀, ó ń wọn mí fún búláòsì. Bó ṣe gbọ́ "kókó átọ́ọ̀mù," ó jù mí sílẹ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn.

"Bọ́ǹbù nìyẹn!"

"Kì í ṣe bọ́ǹbù," ni àbúrò mi wí.

"Kí ló wá jẹ́?"

"Wọ́n ń fi nǹkan mìíràn ṣe bí ẹni pé òun ni."

"Wọ́n ń fi nǹkan mìíràn ṣe bọ́ǹbù! Mo gbé! Aṣọ iṣẹ́ rẹ tó ya lábíyá yẹn, má gbé e wá sọ́dọ̀ mi mọ́ o. Fi ọwọ́ ara rẹ rán an."

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí aránṣọ lọ tán, èmi àti àbúrò mi jókòó, a gbìyànjú láti mọ bí èèyàn ṣe lè fi ohun kan tí kì í ṣe nǹkan náà mọ nǹkan náà. Mo ní bóyá ó dà bíi kí aránṣọ kọ́kọ́ fi bébà gé aṣọ. Ó ní bébà kì í fa ara rẹ̀. Mo ní bóyá ó dà bíi kí ènìyàn fi omi inú bàsíà mọ bí omi odò ṣe ń ru. Ó ní omi ni omi, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ohun kan náà. Títí di òní tí mò ń kọ èyí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ọ́n.

Ohun kan ṣoṣo tó yé wa yékéyéké ni ohun tí Ọ̀gá Kékeré lè pàdánù. Ẹ̀rọ náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ló ń pín in lò, oníkálukú pẹ̀lú àkókò tirẹ̀, àkókò tirẹ̀ yóò sì parí bí ìsinmi gígùn bá ti parí. Ilé ìwádìí ńlá kan ní ìlú mìíràn ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Wọ́n ní kó mú àwòrán àwọn átọ́ọ̀mù náà wá, kí ọ̀gá rẹ̀ sì sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ṣe é gbé iṣẹ́ lé. Ó ti sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Ní báyìí, mo ní láti sọ nǹkan kan nípa bí àbúrò mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó bá gbé fíríìjì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò ní gba èènì. Bí o bá ní kó tún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ṣe, á tún un ṣe, á sì bá ọ pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tí o kò mẹ́nu bà. Bí o bá ní kí omi rẹ tutù, á tutù, á wá fi díẹ̀ lé e. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá gba kìkì ohun tó sanwó fún, kò ní rántí rẹ. Kì í béèrè kó tó fún ni. Èènì tí a béèrè kì í ṣe èènì mọ́.

Ní ọjọ́ kan, ó wà lórí àkàbà, ó ń nu ihò atẹ́gùn, ó gbọ́ tí Ọ̀gá Kékeré ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Wọn ò tutù tó," ni ó ń wí. "Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀. Wọn ò tutù tó."

Àánú ṣe àbúrò mi. Kò yí nọ́ńbà éésì padà, nítorí Baba Rọra ti kìlọ̀. Àwọn abẹ irin tín-ín-rín tó ń darí afẹ́fẹ́ lẹ́nu ihò atẹ́gùn ló fọwọ́ tẹ̀ díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù tó ti ń fẹ́ sára ògiri tẹ́lẹ̀ lè máa fẹ́ tààrà sórí tábìlì, síbi tí ìkòkò wà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sílé. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti fún ọmọ ọlọ́mọ ní èènì òtútù.

Ní ọjọ́ kejì, átọ́ọ̀mù kò dúró nínú ìkòkò mọ́. Ọ̀gá Kékeré rò pé ìmọ́lẹ̀ ló dín kù, ó tún un ṣe. Ó rò pé mágínẹ́ẹ̀tì ni, ó tú u palẹ̀. Ó yí ìdè dígí, ó tún un yí. Ohun tó bá tọ́ láàárọ̀ á wọ́ lọ́sàn-án. Òṣùwọ̀n ooru tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kò sọ ohunkóhun, nítorí ibẹ̀ kọ́ ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Baba Rọra wá, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún, ó ní, "Rọra, rọra," ó lọ. Nígbàkigbà tí àbúrò mi bá wọlé, tó bá rí i pé ojú ọmọbìnrin náà ti pọ́n, á gun àkàbà, á tẹ abẹ náà díẹ̀ sí i. Bí ìṣòro ti ń pọ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ń pọ̀. Ọjọ́ ń lọ. Ìsinmi ń tán lọ.

Ọ̀gá Kékeré ló fi ọrùn ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó tẹ̀ mọ́ orí tábìlì, ó ń yí ìdè kan, ó wá dìde, ó di ìborùn rẹ̀ mú.

"Ìyá, afẹ́fẹ́ kan ń fẹ́ mi lọ́rùn."

"Ó yẹ kó fẹ́ yín. Èmi ni mo darí rẹ̀ síbẹ̀."

"Ẹ darí rẹ̀ sí ibo?"

"Sórí tábìlì. Ẹ̀yin lẹ ní wọn ò tutù tó. Mo fi èènì kún un fún yín."

Ọmọbìnrin náà wo òkè àjà, ó wo tábìlì, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àbúrò mi rò pé ó ń sunkún. Nígbà tó wò ó dáadáa, ẹ̀rín ni. Nígbà tó tún wò ó, ẹkún ni.

"Ìyá, irin a máa súnkì tó bá tutù. Bí irin bá súnkì, dígí á yẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó irun orí, ìmọ́lẹ̀ kò ní bá ibi tó ń lọ mọ́. Òtútù tiyín kò tiẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín yín àti wọn, kò sí nǹkankan, kò tiẹ̀ sí afẹ́fẹ́."

"Ẹ ń wá ohun tó tutù jù láyé, ẹ ò sì fẹ́ òtútù?"

"Kì í ṣe òtútù ni mo fẹ́ nínú yàrá. Kí ó má yí padà ni mo fẹ́. Ì báà móoru bí ilé ìdáná, tí kò bá ti yí padà, ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Ọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò mi ń gbé yẹ̀ wò lọ́wọ́ nígbà tí Baba Rọra wọlé. Ó rí àkàbà. Ó gbé ojú sókè, ó rí abẹ ẹnu ihò.

"Ta ló fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn?"

Àbúrò mi la ẹnu. Ọ̀gá Kékeré ti dìde, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, sà. Ó ń móoru lápá ibẹ̀."

"Ìwọ?" Baba Rọra bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwọ, tó o mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Kò ní "rọra." Ó jáde.

"Kí ló dé tó o fi parọ́?" ni àbúrò mi béèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbàgbé láti fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́.

"Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé yín. Èmi, wọn ò ní lé mi."

Ó dá a lójú bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá abẹ náà padà, wọ́n dúró títí irin fi gba ara rẹ̀ padà, ọmọbìnrin náà sì ya àwòrán tí àkókò tó kù gbà. Wọn kò pọ̀. Àbúrò mi rí ọ̀kan: àmì dúdú kan láàárín ojú kọ̀ǹpútà, bí ìka tí ó kan gíláàsì. Ó ní, "Ṣé èyí ni?" Ọ̀gá Kékeré ní, "Èyí ni." Àbúrò mi ní ó dára gan-an. Kò mọ ohun tó dára nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin náà máa dúró níwájú àwọn tó máa dán an wò fún oyè rẹ̀, wọ́n gba gbogbo ènìyàn láàyè. Àbúrò mi wọ aṣọ tó dára, ó jókòó sẹ́yìn. Ó ti pinnu pé òun yóò sọ òótọ́ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Ohun tí kò mọ̀ ni ìgbà tó yẹ kí èèyàn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó níwájú béèrè ìdí tí àwòrán kò fi pọ̀. Ọ̀gá Kékeré ní, "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe kan nípa afẹ́fẹ́ yàrá." Àbúrò mi nawọ́ sókè. Ẹnìkan mìíràn ti ń béèrè nǹkan mìíràn. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó tún nà án. Ẹni tó ń darí ìpàdé rí i, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, Ìyá, àkókò ti tán." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò mọ̀ bóyá ó ti parí tàbí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Ọmọbìnrin náà yege, ó sáré wá dì mọ́ ọn, gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò, ẹnu rẹ̀ kò sì gbà á.

Ó tó àkókò díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kó tó bi Baba Rọra pé ìgbà wo ni Ọ̀gá Kékeré ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun.

"Kò lọ mọ́," ni Baba Rọra wí. "Wọ́n bi mí bóyá a lè fi yàrá lé e lọ́wọ́. Mo sọ ohun tí mo rí."

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó: fóònù, àkàbà, abẹ, èènì. Baba Rọra gbọ́ ọ tán.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ lọ́jọ́ náà?"

"Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, sà."

Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kó pe ilé ìwádìí ńlá náà padà, ó sì pè wọ́n lójú rẹ̀, òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ẹlòmíràn ti wà lórí ìjókòó náà. Baba Rọra kò sì lé àbúrò mi. Ó ní ta ló kù tó mọ yàrá náà tó o. Èyí ló dà á láàmú jù: iṣẹ́ rẹ̀ tí ọmọ ọlọ́mọ fi tirẹ̀ gbà là, wọn ì bá má tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ká ní ó sọ òótọ́.

Ọ̀gá Kékeré ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ìṣirò báyìí. Ó máa ń pe àbúrò mi lórí fóònù, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bí àbúrò mi bá ti fẹ́ dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, ọmọbìnrin náà á ní, "Ìyá, kò sí gbèsè kankan láàárín èmi àtẹ̀yin." Àbúrò mi kì í bá a jiyàn. Bó bá gbé fóònù sílẹ̀ tán, á yíjú sí mi, á ní, ẹni tó jẹ gbèsè ló mọ̀ pé òun jẹ ẹ́. Ó ti rò ó títí. Owó kọ́, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá a tún ṣe tó máa kájú rẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n fi ń san irú rẹ̀, èmi náà kò mọ̀ ọ́n kí n sọ fún un, kò sì tíì san án.